Ọwọ́ Tí Ẹ Rí Nínú Fíìmù Yẹn

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣì ń wo ọ̀tún wo òsì pé iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, ẹ jẹ́ kí n tètè là á mọ́lẹ̀ fún yín: mi ò tíì dé ibi ìkómọ kan rí tí wọ́n ti gbàdúrà pé kí ọmọ tuntun di alágbàfọ̀. Wọ́n á pe dókítà, wọ́n á pe lọ́yà, wọ́n á pe gómìnà, gbogbo ilé á ṣe àmín. Èmi Múráínà, aṣọ ni mo fọ̀ tí mo sì lọ̀ fún ohun tó lé ní ogójì ọdún, kí n tó fẹ̀yìn tì sí ilé mi ní Lotto, ní Mowe níbí. Ó tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú rẹ̀ tí mo fi tọ́jú aṣọ fún àwọn onífíìmù. Ó ṣeé ṣe kí púpọ̀ nínú yín ti rí mi lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ ò kàn mọ̀ pé èmi ni.

Nínú gbogbo ọdún yẹn, ohun kan ṣoṣo ló dùn mí. Mo ní ọmọ kan, Bùkọ́lá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ sílẹ̀ lọ. Àmọ́ iṣẹ́ mi ń tì í lójú. Nígbà tó wà ní ilé-ìwé, tí wọ́n bá fún wọn ní fọ́ọ̀mù, “oníṣòwò” ló máa ń kọ síwájú iṣẹ́ bàbá. Èmi àti oníṣòwò! Ìyá rẹ̀ ní kí n má ka ọ̀rọ̀ ọmọdé sí, pé á dàgbà kúrò níbẹ̀. Ó dàgbà, ó wọ yunifásítì, ó jáde, kò dàgbà kúrò níbẹ̀. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí i lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n tí mo bá dá wà nídìí iṣẹ́, ó máa ń ká mi lára.

Ẹdẹ ni wọ́n ti bí mi. Ifọ̀ ni mo ti kọ́ṣẹ́, lọ́dọ̀ Ọ̀gá Gàní, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan báyìí tí kì í pariwo, tí gbogbo àwa ọmọ iṣẹ́ sì ń bẹ̀rù ju àwọn tó ń pariwo lọ. Bí wọ́n ṣe gbà mí síbẹ̀ kò ní ìtàn kankan nínú: ẹ̀gbọ́n ìyá mi mú mi lọ, mo dọ̀bálẹ̀, ó ní kí n wá lọ́la.

Oṣù mẹ́fà gbáko, Ọ̀gá Gàní ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan irin tí wọ́n fi ń lọṣọ. Ó ní mi ò tíì mọ aṣọ, kí ni mo fẹ́ lọ̀? Láràárọ̀, á tẹ́ aṣọ kan síwájú wa, á ní kí a sọ ohun tó dà sí i. A máa gbóòórùn rẹ̀, a máa fi ìka lásán pa á, a máa gbé e sí oòrùn wò ó lẹ́yìn. Epo pupa ni àbí omi obì? Tàdáwà ni àbí ẹ̀jẹ̀? Tí o bá ní o ò mọ̀, kò ní bínú. Tí o bá méfò, tí o sì ṣì í, ìwọ lo máa pọnmi fún gbogbo ilé lọ́jọ́ yẹn. Mo pọnmi títí, àwọn ará àdúgbò rò pé ọmọ ọ̀dọ̀ tuntun ni wọ́n mú wá.

Ohun kejì tó kọ́ wa ni àmì. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní òwú àwọ̀ tirẹ̀, ojú abẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta tí a máa ń rán sí inú ọrùn aṣọ níbi tí ojú ò ti lè rí i. Ọ̀gá Gàní mọ gbogbo rẹ̀ lórí. Kò kọ ọ́ sínú ìwé kankan. Ó lè mú búbà kan láàárín ọgọ́rùn-ún, kó yí ọrùn rẹ̀ padà, kó pe orúkọ ẹni tó ni ín, kó sì sọ fún wa pé ara onítọ̀hún kò yá lọ́sẹ̀ yẹn, nítorí pé òórùn oògùn wà lára aṣọ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tó le jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan tí mo jó. Irin eléèédú là ń lò nígbà yẹn, ó wúwo, ẹ̀ta iná sì máa ń fò jáde nínú rẹ̀ tí o bá fẹ́ ẹ jù. Ọ̀kan fò sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá ilé-ìwé kan ní Ifọ̀, ó dá a lu. Mo ti ń ronú irọ́ tí mo máa pa. Ọ̀gá Gàní wo ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n gbé e lọ fún ẹni tó ni ín, kí n sọ fún un pé èmi ni mo jó o. Mo ní ṣé kí n ní kí wọ́n má bínú, pé iná ló ṣe é. Ó ní, “Iná ò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi.” Mo rìn lọ síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ń wọ́ lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé náà bú mi, bú mi, títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó wá ní kí n gba àwọn aṣọ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́wọ́ ìyàwó òun. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò pa irọ́ kankan mọ́ lórí aṣọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí mo gba òmìnira, mo ṣí ìsọ̀ ti èmi ní Ajuwọn, níbi tí èrò ti ń wọ́, tí eruku sì ń bá mi wá iṣẹ́ láìgba owó oṣù. Irin eléèédú kásẹ̀ nílẹ̀, tiná mànàmáná dé, iná ò wá dúró, a ra onígáàsì. Lẹ́yìn náà ni èyí tó ń tu ooru jáde bí ìkòkò ọbẹ̀, tí o kàn máa gbé e kọjá lára aṣọ lórí ìkọ́, tí gbogbo rẹ̀ á sì nà. Gbáguda la fi ń se ṣítáàṣì tẹ́lẹ̀, a máa rò ó títí á fi dán. Inú agolo ló wà báyìí, ẹ kàn máa fín in ni. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ mi máa ń ní ayé àtijọ́ ló dára jù. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tó bá ti gbé irin eléèédú yẹn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ mọ̀ pé ooru tí irin tuntun yẹn ń tu kì í ṣe ọ̀tá ẹnikẹ́ni.

Ìsọ̀ Ajuwọn yẹn ni Màdáàmù Rónkẹ́ ti rí mi. Òun ló ń darí fíìmù, obìnrin kúkúrú kan tó máa ń so gíláàsì ojú mọ́ ọrùn tí á tún máa wá a kiri. Ó máa ń kó aṣọ àwọn òṣèré rẹ̀ wá fún mi fọ̀. Nígbà tó yá, ó ní dípò kí aṣọ máa wá bá mi, kí èmi máa tẹ̀lé aṣọ. Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń yàwòrán. Iṣẹ́ mi kò ju pé kí aṣọ mọ́, kó gún, kó sì wà lórí ìkọ́ nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún méjì, gbogbo ènìyàn ń yìn mí.

Ìgbà náà ni fíìmù ìfẹ́ yẹn dé. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ló ní kí Màdáàmù ṣe é, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ àjẹ́, àwọn ò fẹ́ orogún, àwọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Ohun tí yóò mú inú ènìyàn dùn lọ́jọ́ Sunday ni wọ́n fẹ́. Ìtàn náà dá lórí ìlú ẹlẹ́wà kan létí òkun, tí òdòdó kún ẹ̀gbẹ́ títì rẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti òkè òkun dé síbẹ̀ láti wá ta ilé tí ìyá ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Lọ́jọ́ tó dé gan-an, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ sóbò kiri da sóbò, ohun mímu pupa yẹn, sí i láṣọ. Ẹ mọ ìyókù. Kò ta ilé mọ́.

Mowe ni ìlú ẹlẹ́wà náà. Òpópónà kan ṣoṣo la rí tó mọ́ tónítóní nínú ẹ̀sítéètì kan, òun náà la lò fún gbogbo ìlú. A ní ìkòkò òdòdó méjìlélógún. Tí wọ́n bá ti ya ọwọ́ ọ̀tún tán, gbogbo wa, àti onífọ́tò àti alásè, a máa gbé ìkòkò lọ sí ọwọ́ òsì, ó di àdúgbò mìíràn. Òkun ò sí níbẹ̀ rárá, àwọn òṣèré kàn máa ń na ọwọ́ sí ọ̀nà Ibafo pé atẹ́gùn òkun yìí mà dára o. Tí tírélà bá fun fèrè ní títì márosẹ̀, Màdáàmù á gbé ọwọ́ sókè, ìfẹ́ á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò gbádùn iṣẹ́ kankan tó báyẹn rí.

Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n ya ibi tí sóbò ti dà. Gáùn funfun kan ni ọmọbìnrin náà wọ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni, télọ̀ kan ló dìídì rán an. Sóbò gidi ni wọ́n dà sí i níwájú. Wọ́n gbé kámẹ́rà súnmọ́ àbàwọ́n náà dáadáa, wọ́n ya á. Wọ́n ní ó di ọ̀la, pé gbogbo ọjọ́ kejì ni ọmọbìnrin náà yóò fi wọ gáùn alábàwọ́n yẹn rìn káàkiri ìlú pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Mo gbọ́ ọ, ó wọ etí mi ọ̀tún, ó gba tòsì jáde, nítorí àbàwọ́n yẹn ni ojú mi wà lára rẹ̀. Aṣọ funfun! Sóbò! Tó bá fi lè di àárọ̀ ọ̀la lára rẹ̀, ó di tirẹ̀ nìyẹn.

Mo gbé gáùn náà wálé. Láàárín ìrun alásárì sí mọ̀ǹgàríbì, mo ti yọ ọ́ kanlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, nínú gbogbo aṣọ tí mo fọ̀ láyé mi, mi ò fọ èyí tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ó funfun báláú. Ìyàwó mi pàápàá dúró, ó wò ó. Mo lọ̀ ọ́, mo fi ọ̀rá bò ó, mo sùn bí ẹni tó ṣe oore.

Láàárọ̀, mo gbé e kọ́ síwájú Màdáàmù Rónkẹ́, mo bọ́ sẹ́yìn díẹ̀, mò ń dúró de ìyìn. Ó wo gáùn náà. Ó wá gíláàsì rẹ̀, ó fi sójú, ó tún un wò. Ọmọbìnrin òṣèré náà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní, “Bàbá, àbàwọ́n mi dà?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi.

Ọjọ́ yẹn nìkan ló kù tí ọmọbìnrin náà ní fún wa, ó ń rìnrìn àjò lọ́jọ́ kejì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n da sóbò mìíràn sí i. Onífọ́tò ní ọ̀nà wo, ṣé wọn ò ti ya bí ti àná ṣe rí? A fi aṣọ ìrọ̀rí funfun mẹ́ta dán an wò, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba ọ̀nà tirẹ̀ ṣàn. Mo lọ bá Màdáàmù níbi tó jókòó sí, mo dọ̀bálẹ̀ fún un, àgbà tí mo jẹ́ yìí. Mi ò sọ pé iṣẹ́ èṣù ni. Mo ní èmi ni mo ṣe é, pé mi ò fọkàn sí ohun tí wọ́n sọ, pé ojú mi ò lè gba àbàwọ́n lára aṣọ funfun. Mo ní kó lé mi.

Kò lé mi. Ó wá bi mí pé, “Bàbá Bùkọ́lá, báwo lẹ ṣe yọ ọ́ gan-an?” Mo mú ọ̀kan nínú àwọn ìrọ̀rí yẹn, mo bu omi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi hàn án. Mo ṣàlàyé pé a kì í fi agbára gbo sóbò, ẹ̀yìn aṣọ la ti ń lé e jáde, pé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ lọ, kí òwú má bàa mọ̀ pé wọ́n ń lé àlejò rẹ̀. Nígbà tí mo gbójú sókè, kì í ṣe ìrọ̀rí ló ń wò. Ọwọ́ mi ló ń wò. Ó dìde, ó pe gbogbo wọn, ó ní ìtàn ti yí padà. Ọmọkùnrin náà yóò mú ọmọbìnrin náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé ilé ìyá àgbà, ọmọbìnrin náà á wọ ìró àti búbà tí ìyá àgbà fi sílẹ̀, ọmọkùnrin á jókòó, á fọ gáùn náà fún un. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Wàhálà kan ló kù: òṣèrékùnrin yẹn ò mọ aṣọ fọ̀. Arẹwà ni, eyín rẹ̀ funfun, ṣùgbọ́n ṣe ló ń gún gáùn náà bí ẹni gúnyán. Màdáàmù yíjú sí mi. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún mi, wọ́n de aago rẹ̀ mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́, wọ́n fá irun ọwọ́ mi, wọ́n fi ìpara pa á títí ó fi ń dán bí ọwọ́ ọmọ ogún ọdún. Wọ́n da sóbò sí gáùn náà lẹ́ẹ̀kejì. Nínú omi, ta ni yóò mọ bí ti àná ṣe rí? Mo fọ̀ ọ́, kámẹ́rà kò kúrò lára ọwọ́ mi, láti ìgúnpá dé ìka. Ojú òṣèré ni wọ́n ń fi sí i láàárín.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ṣàkọsílẹ̀ bí gbogbo aṣọ ṣe rí kí n tó fọwọ́ kàn án, bọ́tìnì tó ṣí, apá tó ká, àbàwọ́n tó wà lára rẹ̀. Inú ìwé ni mo kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sí, nígbà tó yá fóònù gbà á lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì nìyẹn.

Fíìmù náà jáde, gbogbo ayé fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn obìnrin máa ń wá sí ìsọ̀ mi pẹ̀lú ẹrù aṣọ lọ́wọ́, wọ́n á ní ọkùnrin tó fọ gáùn yẹn ni ọkọ, pé àwọn tó wà nílé kàn ń gbé yàrá ni. Mi ò lè sọ nǹkan kan. Màdáàmù ti bẹ̀ mí kí n má tú àṣírí náà, kó má bàa ba orúkọ òṣèré jẹ́, ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ tú mi sílẹ̀. Nílé nìkan ni mo ti sọ ọ́ nígbà náà. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bùkọ́lá, tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá, ní, “Dádì, plíìsì, ẹ má sọ fún àwọn frẹ́ǹdì mi o.” Ó dùn mí ju bí Màdáàmù ì bá ṣe lé mi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sí èṣí. Bùkọ́lá rí ọkọ, ọmọkùnrin tó níwà kan tó ń jẹ́ Dàpọ̀. Ìyá rẹ̀ ń gbé ní Ibafo, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó sì fẹ́ wá kí wa kí àwọn àgbàlagbà tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kí wọ́n tó dé, Bùkọ́lá wá bá mi nínú yàrá. Ó ń yí ìka rẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún wọn pé inú iṣẹ́ fíìmù ni mo wà. Mo ní irọ́ kọ́. Ó ní ó dà bíi pé dàrẹ́kítọ̀ ni wọ́n rò pé mo jẹ́, òun ò sì tíì tún un ṣe. Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mi ò ní dójú tì í. Ṣùgbọ́n inú mi bà jẹ́, mo sì mọ̀ pé ó rí i.

Ìyá Dàpọ̀ dé lọ́sàn-án Sunday. Obìnrin jẹ́jẹ́, tó mọ́, tó ká ìborùn rẹ̀ dáadáa lé èjìká. A kí ara wa tán, ó ní, “Alàgbà, fíìmù wo lẹ wá ń ṣe lọ́wọ́ báyìí?” Mo wo Bùkọ́lá. Mo ní mo ti fẹ̀yìn tì, mà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọwọ́ ó rọ. Ó ṣe àmín. Mo yí tẹlifíṣọ̀n sókè kí ọ̀rọ̀ lè yí padà. Àfi bí wọ́n ṣe ń fi fíìmù wa hàn!

Ìyá náà ní kí n fi í síbẹ̀, pé òun ti wò ó ju ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Bó ṣe dé ibi tí wọ́n ti ń fọ gáùn, ó na ìka sí i. Ó ní, “Ọwọ́ yìí ni mo ń tìtorí ẹ̀ wo fíìmù yìí. Ẹni tó lè rọra mú aṣọ báyìí, á lè mú ènìyàn.” Mo bojú wolẹ̀. Mo gbọ́ tí Bùkọ́lá gbé tíréè omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ní, “Mà, ọwọ́ òṣèré yẹn kọ́. Ọwọ́ dádì mi ni. Mi ò sọ òtítọ́ tán fún yín, dádì mi kì í ṣe dàrẹ́kítọ̀. Alágbàfọ̀ ni wọ́n.”

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dé orí “alágbàfọ̀” kò gbọ̀n mọ́. Ojú mi kún fún omi. Mi ò fi pa mọ́, àgbà ni mí, mo lè sunkún nínú ilé mi. Ọdún mélòó ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Ìyá Dàpọ̀ wo ọwọ́ mi lórí itan mi, ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó tún wo ọwọ́ mi. Kò sọ fún Bùkọ́lá pé ó ṣe dáadáa tàbí pé kò ṣe dáadáa. Ó bọ́ ìborùn èjìká rẹ̀, ó tú apá ibi tó ká sí inú, àbàwọ́n ràgàjì kan wà níbẹ̀. Ó ní oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ó ti tó ọdún méjì, gbogbo ẹni tí òun fi hàn ló ní kò ṣeé yọ, òun ló kàn máa ń ká a mọ́nú báyìí. Mo gbé e sí ojú fèrèsé, mo wò ó. Mo sọ fún un pé mi ò ní tan án, oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í lọ tán, ṣùgbọ́n á ṣí dé ibi tí kò fi ní nílò láti ká a mọ́.

Mo ní kí n lọ bu omi. Bùkọ́lá ti lọ. Ó gbé básíà dé sí àárín pálọ̀ níwájú ìyá ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ tì mí, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè.

Ó ní, “Dádì, ibo ni kí n dì mú?”

Mo fi ibẹ̀ hàn án.